Mọ́mì fẹ́ fi mọ́tò rìn láti Houston dé Maryland: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè dá rò, ìyẹn ni mo fi gbé e wá síbí.

Ìyá mi dé láti Ìbàdàn lóṣù keje. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú débi pé bàtà tí wọ́n wọ̀ kúrò nílé kò gbà wọ́n mọ́. Inú ọ̀rá ni wọ́n kó bàtà náà sí, ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi rìn jáde wá bá wa. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ní àwọn ò tún wọ bàálù mọ́ títí di ọjọ́ tí àwọn máa padà sílé. Bẹ́ẹ̀, àbúrò mi obìnrin ń ṣègbéyàwó ní Maryland ní Sátidé kejì oṣù kẹwàá. Mọ́mì ni ìyá ìyàwó. Wọ́n gbọ́dọ̀ débẹ̀ ni.

Mọ́mì fúnra wọn ló dábàá pé kí a fi mọ́tò lọ. Èmi àti ọkọ mi la máa máa gbà á wà lọ́wọ́ ara wa, àwọn ìbejì, ọmọ ọdún 6, á jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú wọn. Mo wò ó lórí fóònù: máìlì bí 1,430, wákàtí 21 sí 22 láì dúró rárá. Ẹni tó bá mọ Èkó sí Kánò, ó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Èmi ò sì tíì wa ọkọ̀ kọjá Dallas rí.

Nǹkan kan tún wà. Láti ìgbà tí mọ́mì ti dé ni wọ́n ti ń bi mí pé, "Ìlú Jim Reeves dà?" Ẹni tó bá dàgbà nílé láyé ọjọ́un á mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kò ní àwo orin tí wọ́n fẹ́ràn tó tiẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni. Tí Kérésìmesì bá dé, òun ni. Mọ́mì rò pé bí ohùn yẹn ṣe ń rọra lọ ni gbogbo Amẹ́ríkà rí. Oṣù méjì rèé, kìkì ọ̀nà márosẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí níwájú ilé ìtajà ni wọ́n ń rí. Lálẹ́ àná wọ́n ní, "Amẹ́ríkà yìí, níbo ló wà gan-an?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àgbàlagbà lè rin ìrìn yìí? Ọ̀nà wo la máa gbà? Níbo la máa sùn, kí ni wọ́n á sì máa jẹ? Mọ́mì kì í jẹ búrẹ́dì tí wọ́n ki ẹran sí láàárín.

Ọmọ Òkè Àdó, Baltimore

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú mọ́mì. Ẹ má bínú sí mi o, bàálù ni kí ẹ wọ̀. Láti ọ̀dọ̀ yín síbí kò ju wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n fi kọjá òkun. Ẹ ra ìjókòó tó wà létí ọ̀nà fún wọn kí wọ́n lè máa dìde nà. Ẹ sọ fún àwọn oníbàálù ṣáájú pé ẹ fẹ́ àga onítáyà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀tọ́ wọn ni lábẹ́ òfin. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wọn tó láti fi wọlé, wọn ò sì ní béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìbejì.

Ẹ fi owó hòtẹ́ẹ̀lì àlọ àti àbọ̀ kún owó epo, kí ẹ fi oúnjẹ lé e, ẹ ó rí i pé mọ́tò kò fi bẹ́ẹ̀ dínwó. Ẹ ó sì gbé ìyá ìyàwó tó ti rẹ̀ dé ibi ìgbéyàwó.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́, Dallas

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ apá kan ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún apá kan ṣe. Kì í ṣe bàálù ló ń mú ẹsẹ̀ wú. Àjókòópẹ́ láì rìn ni. Tí mọ́mì bá jókòó wákàtí mẹ́jọ nínú mọ́tò láì sọ̀ kalẹ̀, ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀. Ibi tí mọ́tò ti dára ju bàálù lọ ni pé ẹ lè dúró nígbà tó bá wù yín.

Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ rí dókítà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọ̀pọ̀ òbí wa ń lò, máa ń mú ẹsẹ̀ wú fúnra rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, dókítà ló lè yí i padà. Ẹ tún béèrè bóyá ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ pinpin yẹ wọ́n, nítorí kò yẹ gbogbo èèyàn.

Tí ẹ bá wá fẹ́ lọ, wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ máa dúró, kí wọ́n rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ṣọ́ omi mímu wọn dáadáa. Nígbà tí mo gbé ìyá tèmi lọ sí Oklahoma, wọn ò fi omi kan ẹnu láti àárọ̀ torí wọn ò fẹ́ kí a máa torí ìtọ̀ dúró. Ìgbà tí wọ́n dìde tí òòyì kọ́ wọn ni mo tó mọ̀. Tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tó sì ń ro wọ́n, tàbí tí wọn ò lè mí dáadáa, ẹ pe 911 lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ó di Maryland.

Ṣé mọ́mì ní inṣọ́ránsì àlejò? Ẹ dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Bàbá Tírélà, Memphis

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wa tírélà nílẹ̀ yìí. Ìrìn yẹn ṣeé rìn. Ohun tí kò dára ni kí ẹ ní ọjọ́ méjì lẹ máa fi lọ. Àwa tó jẹ́ iṣẹ́ wa, òfin ò gbà wá láyè ju wákàtí 11 lọ nídìí ọkọ̀ ká tó sinmi, a sì gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 10 gbáko ká tó tún gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ gbé àgbàlagbà àti ọmọdé dání, ẹ má kọjá 7. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ ya sọ́tọ̀, kí ẹ sùn ní Jackson ní Mississippi, ní Atlanta, àti ní Durham ní North Carolina. Ẹ gbéra lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó dé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, mọ́mì á sì fi odindi ọjọ́ Jímọ̀ sinmi.

Ìyá Ìbejì, ìdí tí mo fi dárúkọ Jackson ni pé ìlú Jim Reeves wà lójú ọ̀nà yẹn! Kò jìnnà sí yín rárá. Ọmọ Texas ni, ìtòsí Carthage ní Panola County ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1923. Bàálù kékeré kan já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nítòsí Nashville lóṣù keje 1964, wọ́n sì gbé e padà wálé wá sin. Ẹ gba US 59 láti Houston, ẹ kọjá Lufkin àti Nacogdoches, Carthage ló kàn. Kò pé wákàtí mẹ́rin. Ẹ wá bọ́ sí US 79 sí apá ìlà oòrùn. Máìlì díẹ̀ sẹ́yìn ìlú, ẹ ó rí ère rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, lórí sàréè rẹ̀ gan-an. Wọ́n sin ajá rẹ̀ sí tòsí ibẹ̀. Ọ̀nà yẹn kan náà ló máa já yín sí ọ̀nà márosẹ̀ I-20 létí Shreveport, ìyẹn ló ń gbé yín lọ sí Jackson.

Bí ẹ ṣe máa mọ ọ̀nà kà láìwo fóònù: ọ̀nà márosẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 0, 2, 4, 6 tàbí 8, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn ló ń lọ. Èyí tó parí sí 1, 3, 5, 7 tàbí 9, gúúsù sí àríwá ni. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ máa kọjá, nọ́ńbà ibi tí wọ́n ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà ń tẹ̀ lé máìlì. Tí ẹ bá wà ní 44 tí ibi tí ẹ ń lọ jẹ́ 101, ẹ ṣì ku máìlì 57 nìyẹn. Ó máa ń tu ọmọdé lára tí wọ́n bá ń kà á.

Epo: tí mọ́tò yín bá ń fi gálọ́ọ̀nù kan rin máìlì 25, gálọ́ọ̀nù bí 60 lẹ máa lò ní àlọ. Ilé epo ò ní ẹni tí ń bu epo fún èèyàn níbi púpọ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ sanwó, wọ́n sì lè béèrè nọ́ńbà àdúgbò yín tí ẹ bá fi káàdì sí ẹ̀rọ. Ẹ má dúró lẹ́bàá títì lásán láti sinmi. Àwọn ìpínlẹ̀ ní ibi ìsinmi tiwọn, ọ̀fẹ́ ni, ilé ìtura wà, àga wà lábẹ́ igi. Tí ẹ bá rí Buc-ee's, ilé epo ńlá tó ní ilé ìtajà, ẹ yà. Ilé ìtura wọn mọ́ gan-an. Wọn kì í gba tírélà, mọ́tò ara mi ni mo fi ń lọ síbẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: tí oòrùn bá ti ń wọ̀, ẹ ti wà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Oṣù kẹwàá ni àgbọ̀nrín bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, wọ́n á kàn já lu títì ni. Mo ti rí ohun tí ẹyọ kan ṣe fún mọ́tò kékeré.

Ọmọ Kétu, Mobile

Bàbá Tírélà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí Ìyá Ìbejì gbọ́ ti ọ̀nà kejì. I-10 ni, ó ya láti Houston tààrà. Lẹ́yìn Lafayette ní Louisiana, ẹ ó gun afárá Atchafalaya, máìlì 18 lórí irà, omi lọ́tùn-ún, igi lósì, kò sí ilé kankan. Ẹ ó kọjá Baton Rouge, ẹ ó wá dé Mobile ní Alabama, níbi tí mò ń gbé. Láti ibẹ̀, I-65 dé Montgomery, I-85 dé Virginia, I-95 dé ọ̀dọ̀ àbúrò yín.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín ni Africatown. Ó wà nínú ìlú Mobile yìí. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé láti òkèèrè mọ́. Síbẹ̀, lọ́dún 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Clotilda kó èèyàn bí 110 láti èbúté Ouidah ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì fi òru kó wọn wọ ibí. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn yẹn, Yorùbá ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira lọ́dún 1865, ilé ni wọ́n fẹ́ padà sí. Owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú owó, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó, wọ́n sì ń sọ èdè wọn síra wọn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Oluale Kossola tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis níbí. Agbègbè Bantè ni wọ́n ti mú un, ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, àwọn ọmọ ogun ìjọba Dahomey ló mú un. Ó wà láyé títí di 1935. Lọ́dún 2019 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti rí òkú ọkọ̀ náà nínú omi. Ilé tí wọ́n kó ìtàn wọn sí ṣílẹ̀kùn ní 2023.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí Dahomey fọ́ ní 1886. Nígbà tí ìyá mi wá kí mi, mo mú wọn lọ sí itẹ́ òkú àwọn ará Africatown. Wọ́n rìn dé ibi sàréè Kossola, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n fọwọ́ kan òkúta náà, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àtijọ́. A ti wá kí yín o." Bí ẹni ń kí aládùúgbò ni. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ìyá yín béèrè ibi tí Amẹ́ríkà wà. Apá kan rẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ Òkè Àdó, Baltimore

Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Àmọ́ ìyá ìyàwó ni wọ́n o, ẹni tí aṣọ òkè àti gèlè ń dúró dè. Tí mọ́tò bá bàjẹ́ sí Mississippi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?

Bàbá Tírélà, Memphis

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ táyà, búrẹ́kì àti bátìrì wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe ọjọ́ tó ku ọ̀la.

Ọmọ Kétu, mi ò bá ọ jà lórí Mobile. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìjì. Títí di ìparí oṣù kọkànlá ni àsìkò ìjì ńlá etíkun, I-10 sì sún mọ́ omi. Tí ìjì bá yọ lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó, gbogbo èèyàn ló máa rọ́ sójú ọ̀nà kan náà. Ní àlọ, tí ọjọ́ ti mú wọn lọ́rùn, I-20. Ní àbọ̀, kò sí kánjúkánjú, wọ́n lè gba ọ̀dọ̀ yín.

Ìyá Bọ́lá, Atlanta

Ti oúnjẹ ni tèmi. Ẹ se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹ din ẹran, ẹ se mọ́ínmọ́ín, kí ẹ jẹ́ kó dì gbagidi nínú fìríìsà lóru ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ kó o sínú kúlà. Mọ́ínmọ́ín tó ti dì á máa ṣe iṣẹ́ yìnyín fún ìyókù. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀rọ yìnyín ọ̀fẹ́ lọ́nà yàrá, ẹ máa bù kún un. Ẹ wá yàrá tó ní fìríìjì kékeré àti máíkírówéfù, kó sì wà nísàlẹ̀ torí ẹsẹ̀ mọ́mì. Ẹ gbé kẹ́tùlù oníná àti gààrì dání: ẹ̀bà dé nìyẹn, ọbẹ̀ inú ike á gbóná ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ má din nǹkankan nínú yàrá. Tí ẹ̀rọ èéfín tó wà lájà bá ké, gbogbo ilé ló máa jáde síta lóru. Ẹ má sì bẹ̀rù tí hòtẹ́ẹ̀lì bá so owó díẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí káàdì yín. Wọ́n á tú u sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Tí ẹ bá jókòó jẹun nílé oúnjẹ, ẹ fi 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Bàbá mi kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Mo ṣàlàyé fún wọn pé òfin ìjọba àpapọ̀ gba ọ̀gá láyè láti san dọ́là 2.13 péré fún agbóúnjẹ ní wákàtí kan, láti 1991, pé owó tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Bàbá mi dákẹ́. Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà wá, wọ́n fi dọ́là mẹ́wàá mìíràn sí i lọ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún un.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù rèé. Ẹ bá mọ́mì sọ ọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Ọlọ́pàá dá wa dúró lójú ọ̀nà nígbà kan, lórí eré àsápajúdé. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàbá mi ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, wọ́n fẹ́ lọ bẹ ọ̀gá ọlọ́pàá bí a ṣe ń ṣe nílé. Ọlọ́pàá náà fò sẹ́yìn, ó fọwọ́ kan ìbàdí, ó ń pariwo. Ara mi di yìnyín. Mo ń kígbe, "Dádì, ẹ jókòó! Ẹ jókòó!" Ọlọ́run ló yọ wá. Níbí, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yà sápá ọ̀tún, ẹ sọ fèrèsé kalẹ̀, kí awakọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ìtọ́kọ̀, kí ó sì sọ fún ọlọ́pàá kí ó tó nawọ́ sí ibi tí ìwé wà. Mọ́mì á gbé ọwọ́ tiwọn lé itan.

Ará Ojú Irin, New Orleans

Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọkọ̀ ojú irin. Amtrak kan wà tó ń jẹ́ Crescent, ojoojúmọ́ ló ń lọ láti New Orleans gba Atlanta dé Washington àti New York. Mọ́mì lè dìde rìn nínú rẹ̀, àga fẹ̀, wọ́n sì máa ń dín owó kù fún ẹni ọdún 65 sókè. Láti Houston, Sunset Limited á gbé yín wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́, Dallas

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, ẹ̀gbọ́n: èyí tó ń kọjá Houston yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ń wá lọ́sẹ̀. Alẹ́ ló sì ń dé New Orleans, ti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa wọ̀, hòtẹ́ẹ̀lì ò sì yẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ju wákàtí 24 lọ lórí ìjókòó, àyàfi tí wọ́n bá ra yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ni ọ̀pọ̀ irin yẹn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni, ọkọ̀ èrò máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Kò dára fún ẹni tí ọjọ́ ìgbéyàwó ń lé.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo jókòó ka gbogbo rẹ̀ fún mọ́mì, wọ́n ní kí n ka ti Kossola lẹ́ẹ̀kejì.

A ti rí dókítà. Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́, amlodipine náà ni o, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn, ìbọ̀sẹ̀ náà sì wà. Inṣọ́ránsì kò sí tẹ́lẹ̀, a ti ra á báyìí. I-20 la máa gbà lọ.

Ọmọ Òkè Àdó, Baltimore

Ó dáa, mo ti gbà. Tí ẹ bá ti ṣègbéyàwó tán, ẹ fi ọjọ́ kan gbé mọ́mì dé Washington, sí ilé ìṣúra ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣí ní 2016. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ gba àyè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó wọlé, ẹ ní kí wọ́n dúró wo ilé náà láti ìta. Ìpele mẹ́ta tó gun orí ara wọn yẹn, adé orí òpó ilé tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìṣẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ni David Adjaye, ayàwòrán ilé náà, wò yà á. Iṣẹ́ ọmọ Èkìtì ló dúró láàárín olú ìlú Amẹ́ríkà yẹn.

Ìyá Ìbejì, ní Maryland

A ti dé o! Àná la wọlé, Ọjọ́bọ̀. Ẹsẹ̀ mọ́mì kò wú. Wákàtí méjì-méjì la ń dúró, àwọn ìbejì ló ń ka nọ́ńbà ojú ọ̀nà fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Carthage. Nǹkan bí aago kan ọ̀sán la débẹ̀, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mọ́mì ní kí àwọn ìbejì ṣí fìlà. Wọ́n dúró wo ère náà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan nínú èyí tí bàbá máa ń gbé sí i láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, jẹ́jẹ́, wọn ò gbàgbé ọ̀rọ̀ kan. Èmi ò mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n tán bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà òyìnbó kan bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ó dúró lẹ́yìn wa títí wọ́n fi kọ ọ́ tán. Ó béèrè ibi tí a ti wá. Mọ́mì ní, "Ibadan. My husband play him every Sunday." Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó di ọwọ́ mọ́mì mú, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn àwọn ará ibẹ̀ tí kì í kánjú yẹn, kò sì tètè fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí a wọ mọ́tò, mọ́mì dákẹ́ títí a fi dé Shreveport. Wọ́n wá ní, "Ṣé o gbọ́ bí obìnrin yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀? Ohùn inú àwo bàbá rẹ gan-an nìyẹn."

Ọmọ Kétu, ọjọ́ Ajé la ń gbéra padà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ra obì dání fún àwọn ará Africatown. Ṣé ó bójú mu?

Ọmọ Kétu, Mobile

Ó bójú mu, mọ́mì. Tí ẹ ò bá rí obì rà ní Maryland, mo ní nílé. Ẹ sùn ní Montgomery lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ lè fi àárọ̀ wọ̀ wá, ohun tó kù kò pé wákàtí mẹ́ta. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé ìtàn náà sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ pè mí tí ẹ bá ti bọ́ sórí I-65, ìyàwó mi á ti gbé omi àmàlà kaná.